Ẹ̀ẹ̀mejì Ni Oúnjẹ Ń Gba Inú Ehoro Kọjá

Àwọn tí dókítà ẹran yìí kà sí èèyàn gidi láyé kò ju márùn-ún lọ, méjì nínú wọn sì ti kú. Àwọn yòókù kò sàn lójú rẹ̀ ju ẹran lọ, kódà ẹran tún sàn díẹ̀, nítorí ẹran tó wà lórí tábìlì irin rẹ̀ kì í purọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó la inú ẹran tó kú, kí ó sì sọ ohun tó pa á. Wọn a gbé àgùntàn wá, wọn a gbé ajá wá, wọn a gbé adìyẹ wá nínú àpò. Ẹni tó ni ẹran a dúró sẹ́nu ọ̀nà, a sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn: òun bọ́ ọ dáadáa, omi rẹ̀ mọ́ gaara, òun kò mọ ohun tó ṣe é. Dókítà a fi í sílẹ̀ kó rò tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni yóò la ikùn ẹran, yóò fa ìfun jáde, yóò tẹ́ ẹ gbọọrọ, yóò sì rí ọ̀rá tí àgùntàn gbé mì, tàbí aràn tó dì mọ́ra wọn bí okùn bàtà. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ bọ́ ọ dáadáa," ni yóò wí, kò ní gbójú sókè. Ẹni tó bá ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ó mọ ìfun bí onílé ṣe ń mọ kọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ láìtan iná. Ó mọ̀ pé ajá tí ń jẹ ẹran kò nílò ìfun gígùn, nítorí ẹran kì í pẹ́ dà nínú. Ìlọ́po márùn-ún gígùn ara rẹ̀ ti tó o. Koríko ló ń fẹ́ sùúrù. Ìdí nìyẹn tí ìfun àgùntàn fi ń gùn tó ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ara rẹ̀. Bí a bá nà án, yóò jáde ní yàrá iṣẹ́, yóò gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, yóò sì dé ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ó mọ̀ pé inú ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ kò dán, ó rí wúruwùru bí aṣọ ìnura, kí oúnjẹ lè rí ibi púpọ̀ gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìmọ̀ yìí náà ló fi ń wọn ọmọ aráyé. Akọ̀wé tó jókòó síwájú ilé iṣẹ́ wọn, Ìfun Ajá ló sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá wọ etí rẹ̀ láàárọ̀, á ti jáde kó tó di ọ̀sán. Ọ̀gá àgbà wọn, tí kì í fèsì ìwé kankan kó tó pé oṣù mẹ́ta, Ìfun Àgùntàn ni tirẹ̀.

Nínú àwọn mẹ́ta tó ṣì kà sí èèyàn tó sì wà láàyè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ẹni àkọ́kọ́. Aránṣọ ni. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀rọ ìránṣọ kan nínú yàrá kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n yìí fi tọ́ ọ, òun ló rán aṣọ ilé ìwé rẹ̀ láti kíláàsì àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí. Dókítà kì í fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣeré. Ọkọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ fẹ́ ni kò jọ ọ́ lójú rárá.

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ọkùnrin náà fi to lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Kò kọ lẹ́tà, kò gbé lẹ́tà kiri. Ó kàn ń dúró níwájú àpótí tí wọ́n pín sí ihò-ihò, ó ń ju èyí síbí, ó ń ju èyí sọ́hùn-ún. "Bọ̀dá" ni dókítà ń pè é lójú, "Onílẹ́tà" ló ń pè é lẹ́yìn. Ohun tó tún bí i nínú jù ni pé ọkùnrin náà kì í pe ẹnikẹ́ni ní "ìwọ". Gbogbo ayé ni "ẹ̀yin" lẹ́nu rẹ̀, àgbà ni o, ọmọdé ni o. Dókítà a máa sọ pé bó bá di ọjọ́ kan, yóò kúnlẹ̀ kí ológbò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí ó ra ehoro mẹ́fà, tí ehoro mẹ́fà di márùnlélógójì, dókítà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní ó dáa, ó ti rí ohun tí wọ́n á jọ máa pe ara wọn ní ẹ̀yin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Onílẹ́tà dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú páálí bàtà mẹ́ta. Ó ti fi okùn di ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbú àti òró, ó sì kọ ọjọ́ àti wákàtí sí orí wọn pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Òkú ehoro kọ̀ọ̀kan ló wà nínú wọn.

"Kí ló dé tí ẹ ò lẹ sítáǹbù mọ́ ọn?" ni dókítà wí.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ di ìjà. Ó ṣàlàyé pé mẹ́jọ ti kú ṣáájú àwọn wọ̀nyí láàárín oṣù kan ààbọ̀, pé òun ń sin wọ́n ni, àṣé ó yẹ kí òun ti wá tipẹ́. Dókítà wọ ìbọ̀wọ́, ó tú okùn, ó gbé àkọ́kọ́ sórí tábìlì, ó la ikùn rẹ̀.

Ẹran náà ti rù kan egungun. Àpòlúkù rẹ̀, níbi tí oúnjẹ ti kọ́kọ́ ń balẹ̀, ní koríko nínú, nítorí náà kì í ṣe pé wọn kò fún un lóúnjẹ. Ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ní egbò, kò ní aràn. Dókítà ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ títí tó fi dé ibi tí ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ ti pàdé ìfun ńlá, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Níbẹ̀ ni ehoro ní àpò kan tó tóbi ju àpòlúkù rẹ̀ lọ, àpò tó lọ́ po bí ìkarahun ìgbín, tó ń gba nǹkan bí ìdajì inú rẹ̀. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ ti súnkì, ó ti fẹ́lẹ́, omi lásán ló wà nínú rẹ̀. Ó la èkejì, bákan náà ni. Ó la ẹ̀kẹta, kò yàtọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè. Koríko ńkọ́? Onílẹ́tà yọ ìwé kékeré kan lápò, ó ka irú koríko àti wákàtí tí òun ń gé e. Omi ńkọ́? Ó ka ti omi. Oúnjẹ ilé ìtajà ńkọ́? Ó ka á. Gbogbo rẹ̀ ló pé, ó pé jù, kò sì sí ohun tó ń dun dókítà bí kó béèrè ìbéèrè kí òmùgọ̀ fún un ní èsì tó tọ̀nà. Ìgbà náà ló yí orí ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó rí i pé irun ọrùn rẹ̀ ti pá yíká, bí ibi tí okùn ti fà.

Ó bi í léèrè kí ló wà lọ́rùn wọn. Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé, Dókítà," ló wí. "Ẹ máa rí i fúnra yín."

Iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilé ehoro. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ, páànù ni wọ́n fi bò ó, wọ́n sì ti fọ sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ rẹ̀ débi pé èèyàn lè jókòó jẹun lé e. Àgò mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀, ehoro méjì-méjì nínú wọn, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lápapọ̀. Gbogbo wọn ló wọ kọ́là. Ike funfun ni, wọ́n gé e lára kẹ́ẹ̀gì òróró, ó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, ó sì yí ọrùn wọn ká. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ nínú àgò, orí wọn yọ láàárín ike bí orí àwọn adájọ́ kékeré tí ẹjọ́ ti sú.

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àwọn oníbàárà méjì tó wá gba aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù gba ẹ̀yìnkùlé wá láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì tẹ̀lé wọn, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Bọ̀dá, ta ló ní kí wọ́n so èyí mọ́ wọn lọ́rùn?"

Onílẹ́tà wo ilẹ̀. Ó ní òun ni. Ó ní àwọn ẹran náà ń tẹnu bọ ìdí ara wọn láàárọ̀, wọ́n ń jẹ ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde, òun sì rò pé kò bójú mu.

"Kò bójú mu fún ta? Fún ehoro?" Dókítà bọ́ sí àárín ilé náà, ó dojú kọ ọ́. "Ẹ gbọ́, Bọ̀dá. Kì í ṣe ìgbẹ́ ni wọ́n ń jẹ. Ìgbẹ́ ehoro le, ó rí róbótó, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń gbá a. Èyí tí wọ́n ń fẹnu gbà yẹn rọ̀, ó ń dán, ó ṣù mọ́ra wọn. Inú àpò ìfun ló ti wá. Ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè rí nǹkan kan ṣe sí koríko líle. Ó di inú àpò yẹn kí àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí tó fọ́ ọ, kí wọ́n tó sọ ọ́ di oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé oúnjẹ fún ẹ̀jẹ̀, oúnjẹ yìí sì ti kọjá ibẹ̀ kó tó di oúnjẹ. Kí ni kí ehoro ṣe? Ó gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kó tún lè gba ibẹ̀ kọjá. Màlúù ń pọ oúnjẹ padà sẹ́nu, ẹ kì í so nǹkan mọ́ màlúù lọ́rùn."

Ó yẹ kó dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà méjì ń wò ó, ọ̀rọ̀ sì ti wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì bá ti wà lẹ́nu dókítà yìí kì í padà sínú.

"Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi to lẹ́tà, Bọ̀dá. Ẹ wá lọ dá lẹ́tà ehoro dúró lójú ọ̀nà. Ẹran mọ́kànlá lẹ febi pa níwájú oúnjẹ. Bó bá jẹ́ ẹni tí kò kàwé ló ṣe é, mo máa ní kò kàwé. Ẹ̀yin ń ka ìwé ìròyìn láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ẹ wá rí ẹran tó gbọ́n jù yín lọ, ẹ sì fi ike dí i lẹ́nu. Àna mi ni yín, n kò lè sọ orúkọ tó yẹ yín. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ara yín."

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà náà fi aṣọ tó wá gbà bo ẹnu rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n dókítà di etí téèpù ọrùn rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì.

"Ó ye mi," ni Onílẹ́tà wí. "Lẹ́tà tó kọjá ilé ẹni tó ni ín. A kì í dá a nù. Ibi tí a ti ń tò ó la máa ń dá a padà sí, kó tún lè gba ọ̀nà kan náà."

Èyí gan-an ló wá bí dókítà nínú. Ó ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan yìí fún ọdún pípẹ́, kò sì tíì rí ẹnì kan tó sọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́ta kó dùn ún gbọ́ tó báyẹn. Ó pòṣé, ó béèrè àlùmọ́gàjí.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti àgò àkọ́kọ́. Ó gé kọ́là kan, ó jù ú sílẹ̀, ó gé èkejì. Nígbà tó di ìkẹrin, àlùmọ́gàjí kò wọ ibi tó fẹ́, ó sì gbé kọ́là náà sún mọ́ ojú. Ìgbà náà ló rí i pé ike nìkan kọ́. Wọ́n ti fi aṣọ rírọ̀ tẹ́ ibi tí yóò fara kan ọrùn, kó má baà ha ẹran náà, wọ́n sì ti fi ọwọ́ rán etí rẹ̀ yípo. Ojú abẹ́rẹ́ náà kéré, ó ṣe déédéé, lẹ́yìn gbogbo ojú mẹ́ta wọ́n ti kó okùn lẹ́ẹ̀mejì kó má baà tú.

Ó mọ ojú abẹ́rẹ́ yẹn. Etí gbogbo aṣọ ilé ìwé tó wọ̀ rí ni ó wà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, tí àwọn yòókù ń já aṣọ ya níbi eré, tirẹ̀ kì í tú, á sì máa fi ìyẹn yangàn.

Ó gbójú sókè. Onílẹ́tà ń wò ó. Ó mi orí díẹ̀ pẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń bẹ èèyàn pé kó má ṣí ilẹ̀kùn kan. Dókítà wo ẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bá àwọn oníbàárà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Dókítà gé kọ́là ìkẹrin, ó gé ìkarùn-ún, ṣùgbọ́n kò jù wọ́n sílẹ̀ mọ́. Ó ń kó wọn jọ sórí àga.

Ní àgò tó wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n bá àwọn ehoro méjì tí kò rù. Ara wọn ń dán, ojú wọn mọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi eyín jẹ kọ́là ọrùn ara wọn, ìwọ̀nba ike tó kù kò lè dí ẹnu wọn lọ́wọ́. Onílẹ́tà ní òun ti ń ronú nípa àwọn méjì yìí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òun kàn rò pé ẹ̀jẹ̀ wọn ló yàtọ̀. Dókítà sọ fún un pé ohun tó wà nínú àpò ìfun àwọn méjì yìí ni oògùn àwọn yòókù: kòkòrò rere ti kú tán nínú àwọn tó ń ṣàìsàn, a gbọ́dọ̀ rí nǹkan rírọ̀ yẹn gbà lọ́dọ̀ àwọn tó yá, ká pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ká sì fi sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ rọra fún wọn lẹ́nu. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ehoro tí ara rẹ̀ yá kì í jẹ́ kó balẹ̀. Bó ṣe ń jáde ló ń gbé e jẹ.

Ọkùnrin náà ronú. "Bí a bá fi kọ́là gidi sí àwọn méjì yìí lọ́rùn fún wákàtí díẹ̀ ńkọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe, dókítà sì ti gbàgbé. Ó dùn ún wọra pé òun kọ́ ló rántí. Ó mú kọ́là méjì tó dára jù lórí àga, ó sì jù wọ́n sí i láìsọ pé ó ṣeun.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti rí ohun tó kún ìsàlẹ̀ ife. Onílẹ́tà fi ọwọ́ lásán pò ó, kò fajú ro, kò yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbé ehoro kọ̀ọ̀kan lé orókùn, ó ń tù ú bí ọmọ ọwọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé "ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e mì". Dókítà tí ó ti rí àwọn ọkùnrin gìrìpá tó sá jáde nítorí òórùn ìfun kan ṣoṣo, ó wo ọwọ́ náà. Ó gbìyànjú láti rí ohun tí yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò tètè rí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá pè é wọ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà ti lọ. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kó jókòó.

"Èmi ni mo rán an," ló wí.

"Mo mọ̀. Mo rí ojú abẹ́rẹ́ yín."

"O rí i, o sì dákẹ́."

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ohun tí o sọ fún un. Gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà, ìwé ìròyìn, ẹran tó gbọ́n jù ú lọ. Èmi ni mo ni ín. Sọ ọ́ sí mi lójú."

Dókítà ń wo àwọn aṣọ tó wà ní ìkọ́, ó ń ka bọ́tìnì ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbé ohùn sókè. Ó rò ó bó ṣe jẹ́. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ló wá kí i. Ó sè fún wọn, ó se ẹran ehoro, wọ́n jẹ, wọ́n yìn ín. Lẹ́yìn oúnjẹ ló mú wọn lọ wo ẹran ọkọ òun, inú rẹ̀ ń dùn. Ibẹ̀ ni èyí tó funfun jù ti tẹ orí ba, tó fẹnu gba nǹkan nídìí ara rẹ̀, tó sì ń jẹ ẹ́ lójú wọn. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ṣé ẹran onígbẹ̀ẹ́ yìí ni wọ́n fi ṣe àwọn lálejò. Láti ọjọ́ náà, ẹran kò kọjá lọ́nà ọ̀fun òun mọ́. Òun sọ fún ọkọ òun pé kó kó gbogbo wọn lọ. Ó bẹ òun. Kọ́là náà ni wọ́n fi parí ìjà. Òun ló gé e, òun ló rán an, òun ló ní dandan kí wọ́n wọ̀ ọ́.

"Ó ní ká bi ọ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, pé ẹ ní dókítà nílé, kí ẹ bi í. Èmi ni mo kọ̀."

"Kí ló dé?"

"Nítorí wàá fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀gbọ́n mi, n kò lè—"

"Láti ìgbà tí o ti gba ìwé ẹ̀rí, n kò bi ọ́ ní nǹkan kan mọ́. Ṣé o ò ṣàkíyèsí?"

Dókítà kò ṣàkíyèsí. Ó jókòó, ó ń wá inú ara rẹ̀ kiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń béèrè bóyá ó ti jẹun, bóyá ó sùn dáadáa, bóyá òrùlé ilé rẹ̀ ṣì ń jò. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn kò mọ̀, tó ń fẹ́ mọ̀, kò rí ọ̀kan. Èyí tó wá sí i lọ́kàn ti pẹ́ gan-an. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ìwọ̀n ìgbóná ara dání, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń kà á, ó bi í. Òun ti dáhùn níwájú àwọn ọ̀rẹ́ òun pé ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ ìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Dókítà rò nígbà náà pé gbogbo wọn jọ rẹ́rìn-ín ni.

Ó ka ẹran mọ́kànlá lọ́kàn. Bó bá jẹ́ lórí tábìlì irin ni, bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ni ọ̀rọ̀ yìí, ó mọ gbólóhùn tí òun ì bá sọ láìgbójú sókè.

"N kò ní kí o bẹ̀ mí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó ti gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Ẹni tó wà lẹ́yìn yẹn ni o sọ̀rọ̀ sí. Ó sì gba gbogbo rẹ̀ sí ara rẹ̀ kí wọ́n má baà mọ̀ pé èmi ni. O rò pé kò ní èsì? Èsì rẹ̀ ni mo jẹ́. Ó gbé mi mì."

Dókítà gba ẹ̀yìnkùlé padà. Onílẹ́tà ti dé àgò ìkẹsàn-án. Ehoro kan wà lórí orókùn rẹ̀ tó ń ta ìpá.

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá."

"Inú kò bí mi, Dókítà. Ẹ bá mi di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Ẹ̀yin ẹ rọra, ẹ má ta mí nípàá," èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ehoro ló ń bá wí.

Ó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú. Ó ti rò pé ọkùnrin náà yóò bínú, yóò sọ tirẹ̀ jáde, òun yóò gba ẹ̀ṣẹ̀ tọkàntọkàn, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Kò bínú. Èyí náà tún fẹ́ bí i nínú, pé ọkùnrin kan lè wà láyé kí ó má mọ ìgbà tó yẹ kó bínú. Ó sì rí i pé òun ti tún bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́, ó di ẹsẹ̀ mú dáadáa. Títí wọ́n fi fún gbogbo wọn tán, kò sọ ju "ẹ gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀" lọ.

Méje nínú àwọn ehoro náà ṣì kú láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yè. Dókítà ń lọ wò wọ́n láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, kò sì wọ ṣọ́ọ̀bù, nítorí kò sí ẹni tó ní kó wọlé. Oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń dì ránṣẹ́ sí i ní ọjọ́ Àìkú kò wá fún oṣù kan. Ó jẹ búrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò padà jẹ ẹran ehoro mọ́, kò sì wọ ilé ehoro láàárọ̀ mọ́. Bí àlejò bá wá, Onílẹ́tà a fa aṣọ ìkélé kan bo iwájú àgò ní àkókò tí wọ́n máa ń ṣe tiwọn, a sì sọ fún àlejò pé wọ́n ń sinmi. Dókítà rò pé aṣọ ìkélé náà jẹ́ ìwà òmùgọ̀. Kò sọ ọ́.

Nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà níbi iṣẹ́. Ìfun Ajá ṣì ń jẹ́ Ìfun Ajá. Àwọn ẹlẹ́ran ṣì ń purọ́ lẹ́nu ọ̀nà, dókítà ṣì ń là, ó ṣì ń tẹ́ ẹ gbọọrọ, ó sì ń bi wọ́n ta ló sọ pé òun bọ́ ọ dáadáa.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù. Ó kí i. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ débi pé dókítà rò pé ìpè ti já. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ bi í ní nǹkan kan. Adìyẹ aládùúgbò wọn ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ jẹ lórí ilẹ̀, òun ti lé e títí, kò gbọ́, ṣé kò ní dí i nínú, ṣé kí òun sọ fún ẹni tó ni ín kó tó kú?

Adìyẹ, òkúta. Àgbà obìnrin tó ti ń pa adìyẹ láti ọmọdé, tó ti ń la iwe rẹ̀, tó ti ń da òkúta inú rẹ̀ nù láìmọye ìgbà, kò bi ara rẹ̀ rí kí ni òkúta ń wá níbẹ̀. Ẹ̀rín ti dé ọ̀nà ọ̀fun dókítà. Ó fi eyín di ètè mú. Ó wá ṣàlàyé pẹ̀lú sùúrù pé adìyẹ kò ní eyín, pé inú iwe ni òkúta náà ń wà, òun ló ń bá a lọ àgbàdo kí ó tó bọ́ sínú ìfun, kí wọ́n jẹ́ kó máa ṣa á lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó dáa, ó ní òun ti gbọ́, ó ní kó wá gba oúnjẹ ní ọjọ́ Àìkú.

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, dókítà bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa, ó bú u láti orí dé ẹsẹ̀, nínú yàrá tí kò sí ẹlòmíràn bí kò ṣe ìfun àgùntàn tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.